Táyà Ni Sípírínì Àkọ́kọ́: Bí A Ṣe Ń Tún Honda ATC Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Àtijọ́ Ṣe

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Honda ATC90, tó sì fẹ́ mọ ibi tí sípírínì rẹ̀ wà, yóò wá a tì. Kò sí ṣọ́kì lẹ́yìn. Fóòkù iwájú, irin gbọọrọ lásán ni, kò ní sípírínì nínú. Ásùlù ẹ̀yìn náà jókòó sínú fírémù láìsí ohun tó lè jẹ́ kó lọ sókè sódò. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí ń gba orí òkúta kọjá, ó ń sáré lórí yìnyín, ó ń la iyanrìn àti ẹrẹ̀ já, ẹ̀yìn ẹni tó gùn ún kò sì kán. Táyà ńláńlá mẹ́ta tó rọ̀ ni ó ń gba gbogbo gbágungbàgun ilẹ̀ mọ́ra. Ìwé ìtọ́sọ́nà Honda ní kí afẹ́fẹ́ inú wọn jẹ́ PSI 2.2 péré, bẹ́ẹ̀ táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń gba bí 30 sí 35.

Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ra táyà, sípírínì ló ń rà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ATC àtijọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà máa ń ya yíyan táyà àti títún sípírínì ṣe sọ́tọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wá táyà tó wù wọ́n lójú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa dààmú pé ẹ̀rọ ń ta sókè, pé kò fẹ́ yà ní kọ́ọ̀nà, pé ó ń fà sápá kan. Ìdààmú náà sì ti wà nínú táyà tí wọ́n yàn kí wọ́n tó fọwọ́ kan sípírínì rárá.

Bí ẹ̀rọ yìí ṣe dáyé fi èyí hàn kedere. Lọ́dún 1967, ẹ̀ka Honda ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ní Japan. Ọjà alùpùpù máa ń kú nígbà òtútù, àwọn oníṣòwò wọn sì nílò ohun tí wọ́n lè máa tà nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Osamu Takeuchi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó dán ẹlẹ́sẹ̀ méjì wò, ó dán mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà wò, ó ń lo àwọn ẹ̀yà ara ST70, alùpùpù kékeré kan tí Honda ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó borí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n táyà tóóró kì í dúró lórí yìnyín, ṣe ni ó ń rì. Ara Amphicat ni wọ́n ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni Amphicat, ó ń rìn nílẹ̀, ó ń rìn lómi, táyà rẹ̀ fẹ̀, afẹ́fẹ́ inú wọn kò sì tó nǹkan. Honda ṣe táyà tirẹ̀, ó ga tó ínṣì 22. Nígbà tí wọ́n dé e mọ́ ẹ̀rọ tán, ẹ́ńjìnì ST70 kò lágbára tó láti yí i, ni wọ́n bá wá ẹ́ńjìnì cc 89 tó ní agbára ẹṣin 7 fi rọ́pò rẹ̀. Táyà ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ẹ́ńjìnì ni wọ́n yí padà kó lè bá táyà mu.

Lọ́dún 1970 ni ó dé ọjà Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ US90, ní dọ́là 595. Kò pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi di ATC90. Ọwọ́ ìdarí rẹ̀ ṣe é tú kúrò kí ẹ̀rọ lè wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí ìdílé gbé e lọ sí aṣálẹ̀ tàbí etí òkun. Ní 1971, ó yọjú nínú fíìmù James Bond tí wọ́n ń pè ní Diamonds Are Forever, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gun ún lépa Bond nínú aṣálẹ̀. Ìpolówó tó tó báyìí, owó kì í tètè rà á.

Táyà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ní àléébù kan. Rọ́bà lásán ni wọ́n, wọn kò ní okùn aṣọ nínú tó ń fún táyà lágbára, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Kùkùté koríko gbígbẹ lè gún wọn. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979 ni Honda yí padà sí táyà tó ní okùn aṣọ nínú, tí wọ́n ń dé mọ́ ríìmù irin, tó sì ṣe é pààrọ̀. Ẹni tó bá rí US90 tó jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé táyà ara rẹ̀ kì í ṣe ohun tí fọkanáísà kan lè tú kó sì dé òmíràn síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wá ẹsẹ̀ irin ti èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gùn ún, tí wọ́n á sì fi àtilẹ̀wá pa mọ́.

Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń yà ní kọ́ọ̀nà ni ohun kejì tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó yan táyà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ará Èkó mọ̀ dáadáa náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Márúwá ní dífárẹ́ńṣà, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà níta kọ́ọ̀nà yí ju èyí tó wà nínú lọ. ATC kò ní in. Ásùlù kan ṣoṣo ni ó la ẹ̀yìn rẹ̀ já, ẹsẹ̀ méjèèjì sì ń yí bákan náà nígbà gbogbo. Bí ẹni tó gùn ún bá kàn yí ọwọ́ ìdarí bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì á máa ti ẹ̀rọ lọ síwájú gbọọrọ, táyà iwájú á sì máa yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó ń mú un yà ni pé kí ẹni náà fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́: kó tẹ ara síwájú, kó fi ẹsẹ̀ tẹ ibi ìtẹ̀sẹ̀ ti ìta, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti inú fúyẹ́ tàbí kó yọ̀ díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn máa ń fi ẹ́ńjìnì mú kí ẹ̀yìn yọ̀ gẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á sì yà bí omi.

Nítorí náà, táyà ẹ̀yìn tó dì mọ́ ilẹ̀ jù lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti gbà, torí ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa ọkọ̀ ni pé bí táyà bá ṣe di ilẹ̀ mú tó ni ó ṣe dára tó. Lórí ATC, bí ẹ̀yìn bá dì mọ́ ilẹ̀ ju iwájú lọ, iwájú kò ní yà. Bó bá sì wá di ilẹ̀ mú lójijì ní àárín ìgbà tó ń yọ̀, ẹ̀rọ lè dojú dé sí ẹ̀gbẹ́ ìta. Táyà tó ní eyín gígùn, tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ jíjìn, ń ṣe irú èyí lórí ilẹ̀ líle. Ó wúlò níbi tí ẹrẹ̀ bá wà lóòótọ́, kò wúlò níbòmíràn.

Iwájú ni owó yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Táyà kan ṣoṣo ni ó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, nítorí náà àwọn táyà iwájú tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń ní òkè tó yípo díẹ̀, pẹ̀lú ìlà tàbí eyín tó tò yí i ká, kí ó lè bu ilẹ̀ jẹ nígbà tí ọwọ́ ìdarí bá yí. Bí etí àwọn eyín wọ̀nyí bá ti jẹ, ẹ̀rọ á máa lọ gbọọrọ lórí koríko tútù bó ti wù kí a yí ọwọ́ ìdarí tó. Táyà iwájú ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí òkè rẹ̀ pẹrẹsẹ, kò dára ní ipò yìí, kódà bí ihò àárín rẹ̀ bá bá ríìmù mu. Àwọn ilé iṣẹ́ díẹ̀ ṣì ń ṣe táyà iwájú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìwọ̀n 23x8-11 sì ni ọ̀kan lára èyí tó wọ́pọ̀ fún àwọn ẹ̀rọ eré ìdárayá ti ọdún 1980 sókè.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò le. Nínú 22x11-8, táyà náà ga ní ínṣì 22, ó fẹ̀ ní ínṣì 11, ó sì ń wọ ríìmù ínṣì 8. ATC90 àti ATC110 ń lo ìwọ̀n yìí. Big Red, ẹ̀rọ iṣẹ́ oko tó ní ibi ìkẹ́rù níwájú àti lẹ́yìn, ń lo 25x12-9. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi táyà gíga sára ẹ̀rọ kékeré kí ó lè rí gàgàrà, ṣùgbọ́n láti ínṣì 22 sí 25, ìyípo táyà fi nǹkan bí ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i. Ẹ́ńjìnì agbára ẹṣin 7 á máa rò ó pé wọ́n yí gíà òun padà sí èyí tó wúwo. Fírémù á ga sí i, ẹ̀rọ á sì tètè fẹ́ dojú dé.

Ẹ̀rọ tí kò ní sípírínì tún ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú nọ́ńbà yẹn: báwo ni ara táyà náà ṣe le tó? Ara táyà àtijọ́ fẹ́lẹ́, ó ń tẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ lọ́jà lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó wúwo, tó ń sáré, ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì fún un ní ara líle kí igi àti òkúta má bàa gún un. Bí wọ́n bá kọ ply 6 (àmì bí ara táyà ṣe le tó) sára rẹ̀, ẹni tó ni ATC90 yẹ kó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ara líle bẹ́ẹ̀ kò ní tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ tó fúyẹ́, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Sípírínì ẹ̀rọ ti lọ nìyẹn, ìdí àti ẹ̀yìn ẹni tó gùn ún ni yóò máa gba ìkọlù. Ply 2 tàbí 4 ló sún mọ́ ohun tí Takeuchi ní lọ́kàn.

Ìṣirò kékeré kan lè jẹ́ ká rí iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ yẹn ń ṣe. PSI 2.2 tó bí kílógíráàmù 0.155 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró. Bí ẹ̀rọ àti ẹni tó gùn ún bá wọn kílógíráàmù 155 lápapọ̀, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tẹ́ sílẹ̀ títí ibi tí wọ́n fi kan ilẹ̀ yóò fi tó ẹgbẹ̀rún sẹ̀ǹtímítà níbùú lóòró, bí a bá yọ agbára ara rọ́bà fúnra rẹ̀ kúrò. Ìwọ̀n tó fi ń tẹ ilẹ̀ kò ju ti èèyàn tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń rìn lórí yìnyín tí alùpùpù yóò ti rì.

Ṣùgbọ́n nítorí pé afẹ́fẹ́ náà kéré, ìyípadà kékeré ń dà á rú. Bí ẹnì kan bá fi géèjì wọn táyà ní àárọ̀ nígbà tí òtútù wà ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 15, tí oòrùn ọ̀sán sì gbé e dé 25, afẹ́fẹ́ inú táyà á fi bí ìdajì PSI lé sí i. Lójú ẹni tó ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò tó nǹkan. Lórí ATC90, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tó wà nínú táyà lọ. Òkè gíga tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá ti etí òkun gun òkè dé ẹgbẹ̀rún mítà, afẹ́fẹ́ ìta á ti fi bí PSI 1.6 dín kù, táyà á sì le sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ gun ẹ̀rọ ni ó yẹ kí wọ́n ti wọn táyà, kì í ṣe nílé. Géèjì ọkọ̀ lásán kò sì lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí pé PSI 2 kò ní mú un mì. Géèjì kékeré tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ díẹ̀, tó ń ka ìdajì PSI, ni ó yẹ kó wà nínú àpò ẹni tó ni ATC. Kò wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè rà fún ẹ̀rọ yìí, òun ni ó ń san èrè jù.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń dé táyà máa ń gbójú fò: ìyípo táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Nítorí pé ásùlù kan ni ó ń yí wọn, bí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì gùn ju èkejì lọ, ẹ̀rọ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó kúrú láìdáwọ́ dúró. Táyà tuntun méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀ báyìí, pàápàá bí wọn kò bá ṣe wọ́n lákòókò kan náà. Kí wọ́n fi tépù aránṣọ yí àárín táyà kọ̀ọ̀kan ká nígbà tí afẹ́fẹ́ inú wọn dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ náà bá kéré, a lè fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ tún un ṣe. Bó bá pọ̀, kí wọ́n dá táyà padà fún ẹni tó tà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú fírémù rẹ̀ wò bóyá ó wọ́, ohun tó ń ṣe é kò ju èyí lọ.

Ní ti táyà àtilẹ̀wá, Ohtsu ti Japan ni Honda lò lórí ọ̀pọ̀ ATC, àwọn tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ sì ń náwó lé e lórí. Rọ́bà tó ti ju ogójì ọdún lọ ti le, ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì di ilẹ̀ mú mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín rẹ̀ ṣì pé. Kí ẹni tó ń dé táyà ha ìpáàrà etí ríìmù kúrò, kó kùn ún, kó fi omi ọṣẹ pa etí táyà. Kó má fi afẹ́fẹ́ kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà nítorí pé etí rẹ̀ kò fẹ́ jókòó. Àwọn kan máa ń fọ́n nǹkan tó ń gbiná sínú táyà, wọ́n á ṣáná sí i kó bú gbàmù kó sì jókòó; ìwà yìí lè gba ojú tàbí ọwọ́ èèyàn. Àwọn ríìmù ATC kékeré kan sì pín sí méjì tí bóòtì so pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tú bóòtì wọ̀nyẹn kí afẹ́fẹ́ tó tán nínú táyà ń fi ara rẹ̀ wéwu.

Lọ́dún 1981 ni nǹkan yí padà. Honda gbé ATC250R jáde, ẹ̀rọ eré tó ní ẹ́ńjìnì onípele méjì (two-stroke), pẹ̀lú fóòkù onísípírínì níwájú àti ṣọ́kì lẹ́yìn. ATC200X tẹ̀lé e ní 1983. Kawasaki dé pẹ̀lú Tecate ní 1984, Yamaha pẹ̀lú Tri-Z ní 1985, ọdún 1985 kan náà sì ni ATC250R bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Láàárín ọdún márùn-ún péré, ohun ìṣeré orí yìnyín ti di ẹ̀rọ tó ń fò lókè bí alùpùpù ìdíje. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ń ná owó wọn lé jù lónìí, lórí wọn sì ni ọ̀rọ̀ sípírínì àti táyà ti di ìjíròrò láàárín ohun méjì.

Kò pẹ́ tí òpin fi dé. Ìjàǹbá pọ̀, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Ní 1988, ìjọba Amẹ́ríkà àti Honda, Yamaha, Suzuki, Kawasaki àti Polaris fọwọ́ sí àdéhùn nílé ẹjọ́ pé wọn kò ní ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun mọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2008 tún ti ilẹ̀kùn náà pa fún àwọn tó lè fẹ́ kó o wọlé láti òkèèrè. Àdéhùn náà kò kan àwọn tó ti wà lọ́wọ́ èèyàn. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo Honda ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí èèyàn ń gùn lónìí ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣọ́kì rẹ̀ náà sì ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìtúnṣe sípírínì fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀. Ẹni tó bá ń yí súkúrú ṣọ́kì tí wọn kò tíì tú láti 1985 ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Epo inú rẹ̀ ti di omi dúdú, gáàsì náítírójìn tó wà nínú àgbá rẹ̀ sì lè ti jò tán. Àwọn bíárìnì kéékèèké tó wà níbi tí apá ẹ̀yìn ti so mọ́ fírémù máa ń gbẹ, wọ́n á sì dípẹtà, ẹ̀yìn á wá le koko, ẹni tó ni ín á rò pé sípírínì rẹ̀ ló le jù. Kí wọ́n yọ ṣọ́kì kúrò, kí wọ́n fi ọwọ́ gbé apá ẹ̀yìn sókè sódò. Bí kò bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, gíríìsì àti bíárìnì ni ó ń fẹ́. Níwájú, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí ohun tó ga kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí wọ́n di ìsàlẹ̀ fóòkù mú, kí wọ́n tì í síwájú sẹ́yìn. Bó bá ń ró kọ́-kọ́, bíárìnì ọrùn ìdarí ti tú tàbí ó ti jẹ.

Fóòkù náà, wọ́n á tú epo àtijọ́ dànù, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì, wọ́n á wo ara irin rẹ̀ bóyá ìpáàrà ti dá ihò sí i, torí pé ihò kékeré kan á ya síìlì tuntun láàárín ọjọ́ kan. Epo tó nípọn ń fa ìpadàbọ̀ sípírínì sẹ́yìn, epo tó ṣàn ń jẹ́ kó yára. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni bí epo náà ṣe ga tó nínú fóòkù. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè epo jẹ́ sípírínì kejì: bí epo bá ga sí i, àyè afẹ́fẹ́ á dín kù, fóòkù á sì le sí i nígbà tó bá wọlẹ̀ dé òpin, láìjẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yí padà púpọ̀. Ẹni tí fóòkù rẹ̀ ń lulẹ̀ gbà nígbà tó bá fò, tó sì rọ̀ dáadáa nígbà yòókù, mílímítà epo díẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe sípírínì tuntun. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá sì so ásùlù iwájú padà, kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú díẹ̀, kí wọ́n tẹ fóòkù wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kí apá méjèèjì lè wà ní ìbámu, kí wọ́n tó dì í gírígírí.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wọn bí ẹ̀yìn ṣe ń wọlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín bá jókòó. Kí wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n wọn láti àárín ásùlù sí ibì kan tí kì í yẹ̀ lára fírémù. Lẹ́yìn náà, kí ẹni náà gùn ún pẹ̀lú bàtà àti aṣọ tó máa ń wọ̀, kó gbé ẹsẹ̀ sórí ibi ìtẹ̀sẹ̀, kí ẹlòmíràn tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ méjèèjì yẹ kó jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọ̀nà tí ásùlù lè rìn. Bó bá lè rìn sẹ̀ǹtímítà 20, kó wọlẹ̀ ní bíi 6 sí 7. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún sípírínì mọ́ra sí i. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti fún un títí tí kò ṣe é fún mọ́, sípírínì náà rọ̀ jù fún ìwọ̀n ẹni yẹn.

Àwọn tó ti kọ́ iṣẹ́ yìí lórí alùpùpù máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé níbí. Wọ́n á wọn ẹ̀rọ láti ilẹ̀ sí fírémù. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, táyà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lábẹ́ ẹni tó gùn ún, nítorí náà tépù á sọ pé sípírínì wọlẹ̀ ju bó ṣe wọlẹ̀ lóòótọ́ lọ. Wọ́n á fún sípírínì tí kò ní kí wọ́n fún òun, ẹ̀yìn á ga, ẹrù á lọ síwájú, ẹ̀rọ á sì máa gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè bí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Láti ásùlù ni kí wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n.

Ohun tí sípírínì àti táyà ń ṣe yàtọ̀ síra ní ọ̀nà kan tó ṣe pàtàkì. Ṣọ́kì ní epo tó ń gba ojú ihò tóóró kọjá, epo yẹn ni kì í jẹ́ kí sípírínì ta padà. Táyà kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá gbà mọ́ra, yóò dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà, ó sì ń ta bíi bọ́ọ̀lù bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pọ̀. Lórí ATC90, orúnkún ẹni tó gùn ún ni ó ń ṣe iṣẹ́ epo ṣọ́kì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dìde dúró lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun. Lórí 250R, bí ẹ̀yìn bá ń ta lórí àwọn ebè kéékèèké tó sún mọ́ra, kí wọ́n kọ́kọ́ dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí wọ́n tó fọwọ́ kan súkúrú ṣọ́kì. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìfò ńlá ni ó ń ta padà, ṣọ́kì ni ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n dín ìyára ìpadàbọ̀ rẹ̀ kù.

Gíga táyà náà tún ń yí ìdarí padà. Táyà iwájú tó ga ju ti àtilẹ̀wá lọ á mú kí ọrùn ìdarí sùn sẹ́yìn, ẹ̀rọ á dúró gbọọrọ dáadáa lórí eré, ṣùgbọ́n á lọ́ra láti yà. Táyà ẹ̀yìn tó ga á ṣe òdìkejì, ọwọ́ ìdarí á yá, á sì máa mì nígbà tí eré bá pọ̀. Ẹni tó bá ti yí táyà padà gbọ́dọ̀ padà lọ wo sípírínì rẹ̀ lọ́tun, torí ohun tó wọ̀n tẹ́lẹ̀ kò bá ẹ̀rọ náà mu mọ́. Àwọn kan tún máa ń fi ásùlù gígùn sẹ́yìn kí ẹ̀rọ lè fẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ̀rọ kò ní tètè dojú dé. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ṣe jìnnà síra tó ni wọ́n ṣe ń bá yíyà ní kọ́ọ̀nà jà tó, iwájú á sì nílò táyà tó mú ilẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀.

Lórí iyanrìn aṣálẹ̀ Glamis ní California, gbogbo ìmọ̀ràn yìí ń yí padà díẹ̀. Táyà ẹ̀yìn tó ní abẹ̀bẹ̀ gígùn tó ń wa iyanrìn ni wọ́n ń lò níbẹ̀, táyà iwájú wọn sì máa ń dán, pẹ̀lú ìlà kan tàbí méjì láàárín. Iyanrìn rọ̀, kò ní mú ẹ̀yìn lójijì, nítorí náà abẹ̀bẹ̀ kò léwu níbẹ̀ bó ṣe léwu lórí amọ̀ líle. Sípírínì ń fẹ́ rírọ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yìn lè jókòó kí iwájú sì fúyẹ́.

Ohun kan wà tí táyà àti sípírínì kò lè tún ṣe. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń lọ, bí ẹni tó gun alùpùpù ṣe máa ń ṣe ní kọ́ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gun ẹsẹ̀ náà. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ tó ní eyín, tó di bàtà mú, tọ́ sí owó ju ṣọ́kì olówó ńlá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni akoto. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ gun èyí tó tóbi.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí ti wá ń tọ́jú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ méjì-méjì: ọ̀kan tó ní Ohtsu àtilẹ̀wá fún ìpàtẹ, ọ̀kan tó ní táyà tuntun fún gígùn. Ó jẹ́ ọ̀nà tó dára, ó pa ìtàn mọ́, ó sì dáàbò bo ẹni tó ń gùn ún. Nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ wọn, kí wọ́n fi ẹfun sàmì sí tọ̀tún àti tòsì, kí wọ́n tún wọn ìyípo táyà, kí wọ́n di nọ́ọ̀tì ásùlù dé ìwọ̀n tí ìwé ìtọ́sọ́nà sọ, kí wọ́n sì fi pín-ìn-nì tuntun há a, torí èyí tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n sì tún nà lè já lójú ọ̀nà.